Bí Ọdẹ́bíyìí Abèèrè Ṣe Lọ Bẹ Àwọn Aṣòfin Ìlú Gọ̀gọ̀rọ̀ Nítorí Òrùlé

Ẹ tẹrí ba, ẹ tẹrí ba! Mo ti ní kí ẹ máa tẹrí ba kí ẹ tó wọlé mi. Ẹ̀yin géńdé òde òní, gíga lẹ mọ̀ ọ́n ga, ẹ kò mọ ilé onílé wọ̀. Ìwọ tí o forí gbá etí òrùlé yẹn, pẹ̀lẹ́, jókòó sórí àpótí, kí o fọwọ́ ra á. Mo gbọ́ ohun tí o ń sọ lábẹ́lẹ̀. O ní kí ló dé tí èmi Ilésanmí ọdẹ, èmi tí mo bá ẹfọ̀n jìjàkadì tí ẹfọ̀n ní kí n jọ̀wọ́ òun, èmi tí ekùn ń rí tí ó ń dọ́gbọ́n yà sínú igbó, kí ló dé tí mo ṣì ń gbé inú ilé kóńkó yìí. Ìbéèrè rere ni, inú mi sì dùn sí i. Ẹ sún mọ́ra. Kí ẹni tí ó bá ní ikọ́ wú u tán, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í fẹ́ kí wọ́n já lu òun.

Ìtàn náà gbéra, ó rìn gbéregbère, ó lọ bà lé orí ọdẹ kan tí ń jẹ́ Ọdẹ́bíyìí, ará Ìdí-Arère níbí. Abèèrè ni àwọn ènìyàn ń pè é, nítorí pé kò sí ohun tí kì í béèrè. Bí ó bá yọ ìbọn sí ẹtu, yóò kọ́kọ́ rò ó pé, "Níbo tilẹ̀ ni ẹtu yìí ń lọ?" Kí ó tó rò ó tán, ẹtu ti dé ibi tí ó ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ìbéèrè ni àwọn ń jẹ sùn nílé ọkọ òun. Èmi kò rí bẹ́ẹ̀ o. Èmi ń pa ẹtu kí n tó bi í.

Ní ayé ìgbà náà, àwọn iwin Ìlú Gọ̀gọ̀rọ̀, tí ó wà láàárín Igbó Aláìlójú-Ọ̀nà, ni ó ń ṣe òfin ilé fún gbogbo ìlú tí ó yí igbó náà ká. Àwọn baba ńlá wa ló bá wọn mulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin náà kò gùn: ilé tí kò bá pé yàrá méjìlá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bo orí rẹ̀. Bí ènìyàn bá kọ́ yàrá kan tàbí méjì, tí ó fi koríko bẹẹrẹ bò ó, atẹ́gùn kan yóò ti inú igbó jáde wá kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò sì ká òrùlé náà lọ bí ẹni ká ẹní. Àwọn olówó díẹ̀ ló lágbára yàrá méjìlá. Àwọn yòókù ń háyà yàrá lọ́wọ́ wọn. Ìdílé mẹ́ta a máa há sínú yàrá kan, ọmọdé a sùn sábẹ́ ibùsùn, àgbà a sùn lórí ìjókòó.

Èyí burú, ṣùgbọ́n ó kù níbẹ̀. Ẹ mọ àṣà wa. Bí a bá fẹ́ kó ọmọ jáde, a ó da omi sórí òrùlé, a ó gbé ọmọ dúró sábẹ́ rẹ̀, ọ̀ṣọ̀rọ̀ a kán sí i lórí, ọmọ a figbe ta, a ó sì pe orúkọ rẹ̀. Ilé tí bàbá ọmọ ń gbé la ti ń ṣe é, kì í ṣe ilé bàbá ìyá rẹ̀. Ní Ìdí-Arère, ilé tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kán sí ọmọ lórí, ọmọ ilé náà ni títí ayé, yóò sì bá wọn pín nínú rẹ̀. Nítorí èyí, kò sí onílé kan tí ó jẹ́ kí ayálégbé da omi sórí òrùlé òun. Ọmọ ayálégbé kò sì lórúkọ. Ẹ bá rí wọn nígboro, àgbàlagbà tí ó ti hu irùngbọ̀n, Ìwọ-Yẹn ni wọ́n ń pè é. Òmíràn a jẹ́ Ọmọ-Iyàrá-Ẹ̀yìn. Òmíràn a jẹ́ Onífìlà, bí fìlà rẹ̀ bá sì sọnù, ó di ẹni tí wọn kò mọ bí wọn yóò ṣe pè é mọ́.

Ọ̀kan nínú wọn, Ìwọ-Yẹn, ni ó fẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọdẹ́bíyìí bí. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ró bímọ, onílé wọn yọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n gbé ẹkún ọmọ wọn kúrò nílé òun kí oṣù tuntun tó lé. Ọdẹ́bíyìí lọ wo ọmọ náà. Ó bá Àwẹ̀ró ní igun yàrá, ó gbé ọmọ sí àyà.

"Bàbá, ẹ wò ó," ni Àwẹ̀ró wí, "ó fojú jọ yín."

"Kí lẹ ó máa pè é?"

Ìwọ-Yẹn ń wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe ń pè mí náà ni wọn ó máa pè é. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi kò sì ní."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́bíyìí lára ṣinṣin. Ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n àṣà rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sunkún kí ó tó béèrè. "Ta ló ṣe òfin yìí?"

"Àwọn aṣòfin Gọ̀gọ̀rọ̀ ni, Bàbá. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ǹjẹ́ ẹnìkan ti lọ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ rí?"

Àwọn ayálégbé tí ó wà nínú yàrá náà wo ara wọn. Wọ́n ti bú òfin náà, wọ́n ti ṣépè fún un, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì lọ béèrè. Ọdẹ́bíyìí gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí fojú kan oòrùn kí n tó dé."

Ẹ jẹ́ kí n fo ọ̀nà. Igi ni igi ń jẹ́, ẹ̀gún ni ẹ̀gún ń jẹ́, èmi tí mo ti sùn nínú igbó tí ejò fi mí ṣe ìrọ̀rí kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ohun tí ó kọ́kọ́ pàdé ni iwin kan tí ó pọn ìlẹ̀kùn sẹ́yìn bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Bí iwin náà ṣe rí i, ó sọ ìlẹ̀kùn kalẹ̀ sójú ọ̀nà, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó tì í gbágbá. Kò sí ògiri lọ́tùn-ún, kò sí lósì. Mo rí ẹ̀rín lẹ́nu yín. Ẹ ní kí ló dé tí kò gba ẹ̀gbẹ́ kọjá? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í gba ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé onílé. Ọdẹ́bíyìí dúró, ó kan ìlẹ̀kùn, ó ní, "Àgò onílé o!"

Iwin náà gbé etí lé ìlẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀. "Ta lo pè ní onílé?"

"Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ni."

"Ẹnikẹ́ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀, o ó já àlọ́ mi kí o tó kọjá. Kí ló ní ilé tí ó ṣe déédéé rẹ̀, tí kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnìkan, tí atẹ́gùn kò sì lè ká òrùlé rẹ̀?"

"Ìgbín ni," ni Ọdẹ́bíyìí dáhùn, kò tilẹ̀ rò ó. "Èmi náà ní ìbéèrè. Kí lẹ ń fi ìlẹ̀kùn ṣe láìsí ilé?"

Iwin náà ṣí ìlẹ̀kùn, ó yọ orí jáde. Ojú rẹ̀ kò burú tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ. "Ìlẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ ní," ni ó wí. "Mo rò pé n ó fi yàrá kan tì í lẹ́yìn. Wọ́n ní àfi kí ó pé méjìlá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pọ̀n ọ́n kiri, kí ojo má bàa jẹ ẹ́. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin, bá mi sọ fún wọn pé ìlẹ̀kùn ti wà, ilé ló kù."

Ọdẹ́bíyìí ṣèlérí, ó tẹ̀ síwájú, ó sì dé ìlú kan tí ó yà á lẹ́nu. Ilé alátẹ̀gùn gbọ̀ngbọ̀nràn tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, kò sì sí ẹ̀dá nínú wọn. Kò sí èéfín, kò sí ọmọ tí ń sunkún, kò sí adìyẹ tí ń ta ilẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan ṣoṣo ló ń sáré jáde nínú ilé kan bọ́ sí òmíràn, aṣọ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn. Kí lẹ ń wá?"

"Ẹní mi! Ẹní tí mo fi ń sùn ni mo ń wá. Èmi ni mo ni gbogbo ilé yìí. Inú ọ̀kan ni mo gbé e sí, n kò rántí èyí tí ó jẹ́."

"Ẹ kò ṣe fi àwọn tí ẹ kò gbé sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní?"

Arúgbó náà dúró, ó wò ó bí ẹni pé Ọdẹ́bíyìí ní kí ó jẹ òkúta. "Wọn ó tẹ ilẹ̀ rẹ̀," ni ó wí, ó sì tún sáré wọ ilé mìíràn lọ.

Ọdẹ́bíyìí, ìbéèrè kì í tán nínú rẹ̀, ó yọjú wo inú ilé kan. Àṣìṣe ńlá ni. Ìlẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn rẹ̀, fèrèsé pa dé, ilé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti inú ògiri rẹ̀: "Jókòó! Sùn! Wú ikọ́! Tutọ́ sílẹ̀ bí ó bá wù ọ́, ṣáà má lọ!" Àwọn yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í jà nítorí rẹ̀. Èyí fà á sọ́tùn-ún, èyí fà á sósì, àtẹ̀gùn gbé e gòkè, ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó yin ìbọn sí ìlẹ̀kùn, ọta wọ inú igi lọ, igi sì pa dé mọ́ ọn bí omi ṣe ń pa dé mọ́ òkúta. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n bá ti fi èjìká gbé ilé náà kúrò lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ta ló gbé inú rẹ rí?"

Ilé náà jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó rò ó, ó rò ó. "Kò sí," ni ó wí, ó sì mí kanlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìlẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ fi ṣí gbayawu. Ọdẹ́bíyìí bọ́ síta. Àánú ilé náà ṣe é ju àánú ara rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilé náà lè máa wá ènìyàn bí ènìyàn ṣe ń wá ilé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé Gọ̀gọ̀rọ̀. Ilé Aṣòfin ga débi pé àwọ̀sánmọ̀ ń fara nù ún, yàrá inú rẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn aṣòfin jókòó yíká gbọ̀ngàn. Olórí wọn, orúnkún ni etí rẹ̀ wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Gbogbo ẹni tí ó ti dúró pariwo níwájú rẹ̀ rí, kò gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́bíyìí rí àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ sì ṣe déédéé etí.

"Mo gbọ́ ohùn kan!" ni Olórí wí, ó fò sókè. "Ta nìyẹn? Kí ló ń fẹ́?"

"Èmi Ọdẹ́bíyìí ni, ará Ìdí-Arère. Ẹ̀yin àgbà, n kò wá ba òfin yín jẹ́. Ẹni tí ó lágbára yàrá méjìlá, kí ó kọ́ ogún bí ó bá wù ú. Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ ni pé, ẹni tí agbára rẹ̀ mọ ní yàrá kan, kí ẹ jẹ́ kí ó bo orí yàrá kan náà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọmọ ọmọ mi wà nílé tí kò lórúkọ. Bàbá rẹ̀ kò lórúkọ. Ẹnìkan sì wà lójú ọ̀nà tí ó ní kí n sọ fún yín pé ìlẹ̀kùn ti wà, ilé ló kù."

Aṣòfin kan dìde, Afínjú ni wọ́n ń pè é nítorí aṣọ rẹ̀. "Ènìyàn kì í ṣe eku," ni ó wí. "Iyì yín la rò tí a fi ṣe òfin náà. A kò fẹ́ kí ọmọ ènìyàn máa ká jọ sínú ihò. A fẹ́ kí olúkúlùkù ní yàrá tirẹ̀, yàrá ọmọ, yàrá àlejò. Àti pé ilé kóńkó máa ń ba ojú ìlú jẹ́."

Ọdẹ́bíyìí kò retí èyí. Láti kékeré ni ó ti rò pé ìkà ló bí òfin náà, àṣé ire ni wọ́n rò. Ó yà á lẹ́nu débi pé ó dìde jókòó, ó sì tún dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ó rántí etí Olórí. "Ẹ ṣeun tí ẹ ro iyì wa," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ní kò gbọdọ̀ gbé yàrá kan, ibo lẹ ní kí ó máa gbé títí yóò fi ní méjìlá?"

Wọ́n wo ara wọn. Ó hàn pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

Níbi tí wọ́n ti ń wo ara wọn ni omi ti kán sí Ọdẹ́bíyìí lẹ́yìn ọrùn. Ó gbójú sókè. Ojú ọ̀run ló rí, ó ṣú dùdù. "Ẹ̀yin àgbà," ni ó wí, "òrùlé tiyín dà?"

Ojú ti Olórí díẹ̀. "A kò tíì kọ́ ọ tán," ni ó wí. "Àṣà wa ni pé Ilé Aṣòfin gbọdọ̀ ju gbogbo ilé lọ, aṣòfin tuntun yóò sì fi yàrá kún un kí ó tó jókòó. A kì í bo ilé tí kò tíì parí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà àwọn baba baba wa."

"Níbo ni wọ́n ti wá da omi sí fún yín lọ́jọ́ tí wọ́n kó yín jáde? Kí lorúkọ yín?"

Olórí ni wọ́n mọ̀, Igbákejì ni wọ́n mọ̀, Afínjú ni wọ́n mọ̀. "Ìyá mi máa ń pè mí ní Dákẹ́," ni Olórí wí, "nítorí pé mo máa ń sunkún nínú òtútù. N kò rò pé orúkọ ni."

Bí ó ṣe wí báyìí ló kanlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí wọ́n dìbò. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dìbò ní Gọ̀gọ̀rọ̀: ẹni tí ó bá gbà a gbé ọwọ́ lé orí ara rẹ̀, pé orí òun gbà á. Ẹni tí kò bá gbà a káwọ́ sẹ́yìn. Òjò ti dé ní tirẹ̀, ó ń rọ̀ kíkankíkan. Ìdajì gbé ọwọ́ lé orí, ìdajì káwọ́ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà dúró gbọ́nrangandan, ó ku Afínjú tí ń ṣe aṣọ rẹ̀ jọ. Ó káwọ́ sẹ́yìn. Òjò ń wọ̀ ọ́ lójú. Ó ṣẹ́jú, ó gbọn orí nù, ó tún káwọ́ sẹ́yìn. Òjò fẹjú mọ́ ọn. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ sókè, ó bo orí.

"Mo rí ọwọ́ rẹ lórí," ni Olórí wí.

"Mo fi ń gba òjò ni!" ni Afínjú pariwo.

Ọdẹ́bíyìí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ohun tí àwọn ènìyàn mi náà ń wá nìyẹn. Ohun tí wọn ó fi gba òjò."

Ẹ má wí fún mi pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni wọ́n fi mú Afínjú, nítorí àyè wà fún un láti sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wọ́n dúró dè é. Òjò ń rọ̀, gbogbo wọn ń wò ó. Kò sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀bẹ̀ Ọdẹ́bíyìí sì wọlé.

Nígbà tí Ọdẹ́bíyìí ń bọ̀, ó rí yàrá kan ṣoṣo lójú ọ̀nà, ó bá ìlẹ̀kùn tí ó mọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Àgò onílé o!" ni ó wí. Ohùn kan dáhùn láti inú ilé, ó dùn gan-an, "Àgò yà!"

Kò sí ayálégbé tí kò jáde wá sí ọ̀wẹ̀ ní Ìdí-Arère. Èyí ń tẹ amọ̀, èyí ń mọ ògiri, èyí ń gé bẹẹrẹ, ìyá arúgbó ń bu omi. Ìwọ-Yẹn ló ń di òrùlé, kò sì gbé e ga, nítorí bẹẹrẹ kò tó. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sùn. Atẹ́gùn jáde nínú igbó lóòótọ́. Ó yí ilé náà ká, ó fọwọ́ tọ́ etí òrùlé wò, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kí oṣù tuntun tó lé, Àwẹ̀ró ti gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọdẹ́bíyìí gbé igbá omi dání. Gbogbo ènìyàn ń wo ọmọ. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ẹni tí kò lórúkọ, ṣé ó lè sọ ọmọ lórúkọ? Àna mi, bọ́ síbí."

Ìwọ-Yẹn wò lọ́tùn-ún, ó wò lósì, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Ó wá sábẹ́ òrùlé. Nítorí pé òrùlé náà kò ga, ó ní láti tẹrí ba. Ọdẹ́bíyìí da omi sókè, ọ̀ṣọ̀rọ̀ sì kán sí ọkùnrin onírùngbọ̀n náà lórí, ó ṣàn lọ sí ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí ó jẹ́ omi òrùlé níbẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ọdẹ́bíyìí ní, "Ilémobáyọ̀."

Ọkùnrin náà pè é sí ara rẹ̀ létí, ó tún un pè. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì tí ó tutù rínrin. "Ẹ gbé ọmọ mi wá," ni ó wí.

Ọmọ tí wọ́n gbé fún un lọ́jọ́ náà, òun ni ó ń bá yín sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ yìí. Mo ti fi páànù rọ́pò bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n n kò gbé òrùlé náà ga. Ibẹ̀ ni bàbá mi tẹrí ba sí tí ó fi di ẹni tí ó lórúkọ, ibẹ̀ ni yóò sì máa wà. Ìtàn mi ti dé ilé, ó sì ti bọ́ bàtà. Ẹ máa lọ sílé yín o. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ rọra.